Pósíkáàdì Àtijọ́ àti Ẹsẹ̀ Tó Ń Tẹ̀lé E

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó pósíkáàdì àtijọ́ jọ ní Ìjẹ̀gùn, àdúgbò wa ní Èkó, kò nílò físà. Ẹ gbé álúbọ́ọ̀mù màmá àgbà kalẹ̀. Ẹ nu ọwọ́ yín kó gbẹ, kí ẹ sì rọra yọ ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò tó ti pàwọ̀ dà, bóyá èyí tí màmá ti jókòó, tí bàbá dúró tì í pẹ̀lú agbádá, tí onífọ́tò ta aṣọ sí ẹ̀yìn wọn. Ẹ yí i padà. Bí ó bá jẹ́ fọ́tò àárín ọdún 1920 sí 1960, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí ìlà kan tó là á láàárín lóòró, àpótí kékeré kan ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún níbi tí sítáǹpù yẹ kó wà, àti POST CARD tí wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sókè rẹ̀. Kì í ṣe pé bàbá fẹ́ fi ara rẹ̀ ránṣẹ́. Pépà tí àwọn onífọ́tò ayé ìgbà náà ń rà láti òkè òkun ni wọ́n ti tẹ gbogbo ìyẹn sí lẹ́yìn. Wọ́n ti gé e ní ìwọ̀n káàdì, ínǹṣì 3½ sí 5½, kí oníbàárà tó bá wù lè lẹ sítáǹpù mọ́ ọn kó sì jù ú sínú àpótí lẹ́tà. Títí di òní, onífọ́tò àdúgbò wa ṣì ń béèrè lọ́wọ́ oníbàárà bóyá pásípọ́ọ̀tù ló fẹ́ àbí pósíkáàdì.

Nǹkan méjì ni mo fẹ́ ṣàlàyé, mo sì gbà pé kò yẹ ká yà wọ́n nípá: kíkó káàdì àtijọ́ jọ, àti rírìnrìn àjò lọ wo ibi tí káàdì náà ń fi hàn, pẹ̀lú àwọn mùsíọ́mù àti ilé iṣẹ́ ọnà tó wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń kó káàdì jọ tí kì í kúrò nílé, ohun tí òyìnbó kọ sí abẹ́ àwòrán ló máa gbà gbọ́ títí ayé. Ẹni tó sì ń ti mùsíọ́mù kan bọ́ sí òmíràn láìmọ bí àdúgbò ibẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀, ohun tí afinimọ̀nà bá sọ fún un ló máa gbé lọ sílé. Káàdì ló ń sọ ibi tó yẹ ká lọ. Ẹsẹ̀ ló ń sọ bóyá káàdì náà purọ́.

Orílẹ̀-èdè Austria ni káàdì ìfìwéránṣẹ́ ti kọ́kọ́ jáde, lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1869. Kò sí àwòrán lára rẹ̀ nígbà náà. Pépà líle lásán ni, tí wọ́n ti tẹ sítáǹpù sí, owó tí wọ́n sì fi ń rán an kò tó ti lẹ́tà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé tiwọn jáde lọ́dún tó tẹ̀lé e. Nígbà tí àwòrán wá bọ́ sára káàdì ní nǹkan bí ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, wàhálà dé: ọmọdé ń kó o jọ, àgbà ń kó o jọ, kò sí ilé tí kò sí álúbọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Yúróòpù títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1914. Àwọn ará Jámánì ló mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù nígbà náà. Ìdí nìyí tí káàdì tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ní Èkó, tí wọ́n sì tà ní Èkó, fi lè ní àkọlé kékeré kan létí pé Jámánì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé òyìnbó nìkan ló ya àwòrán wa fún káàdì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Neils Walwin Holm, tí wọ́n bí ní Accra lọ́dún 1866, kó ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ wá sí Èkó ní 1896, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́ ńlá àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Royal Photographic Society, kó tó di pé ó lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Òun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ta pósíkáàdì Èkó. George da Costa, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1853, ló ń bójú tó ilé ìtàwé CMS kó tó di onífọ́tò ní 1895; ilé ìtàwé yẹn pàápàá wá di ibi tí wọ́n ti ń ta káàdì. Ní Freetown, Alphonso Lisk-Carew ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní 1905, òun àti àbúrò rẹ̀ sì fi káàdì wọn kún ọwọ́ gbogbo èrò ọkọ̀ ojú omi tó gba ibẹ̀ kọjá. Ní Bonny, Jonathan Adagogo Green ti ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀rúndún tó yí; 1905 ló kú, kò ju ẹni ọdún méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà tó mọ iṣẹ́ wọn dáadáa ni gbogbo wọn, owó ni wọ́n sì ń fi í pa. Èmi ò rí ìdí tí a ó fi máa pe iṣẹ́ wọn ní ẹrù òyìnbó.

Òyìnbó kan wà tí kò ṣeé yọ sílẹ̀ ṣá o. François-Edmond Fortier, ọmọ Faransé tó fi Dakar ṣe ilé, ya fọ́tò káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà títí dé Timbuktu, káàdì rẹ̀ sì lé ní 3,000. Picasso, ayàwòrán olókìkí nì, ní nǹkan bí ogójì nínú wọn. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Anne Baldassari fi àwọn káàdì náà wé àwòrán ńlá tí Picasso kùn ní 1907, Les Demoiselles d'Avignon, ó sì fi hàn pé bí àwọn obìnrin inú káàdì ṣe dúró, tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè di igbá orí wọn mú, jọ bí àwọn obìnrin inú àwòrán náà ṣe dúró. Ẹni tó bá sọ pé pósíkáàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà, ẹ ní kó lọ bi Picasso.

Bí káàdì bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó wo iwájú. Títí di ọdún 1902, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé àdírẹ́sì nìkan ló gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn káàdì. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ á há a mọ́ etí àwòrán níwájú. Lọ́dún yẹn ni wọ́n gbà kí ìlà la ẹ̀yìn sí méjì, ọ̀rọ̀ lápá òsì, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún. Faransé àti Jámánì tẹ̀ lé e láìpẹ́, Amẹ́ríkà ṣe tiwọn ní 1907. Torí náà, káàdì Èkó tí kò ní ìlà lẹ́yìn ti dàgbà gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo sítáǹpù. Èkó ní sítáǹpù tirẹ̀ láti 1874. Bí ẹ bá rí LAGOS lára rẹ̀, káàdì náà kò ní jìnnà sí ọdún 1906 tí wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà. SOUTHERN NIGERIA ló wà lára sítáǹpù Èkó láti ìgbà náà títí di 1914, lẹ́yìn náà ni NIGERIA nìkan dé. Ti kọ́bọ̀ kò lè ṣáájú oṣù Kìíní 1973, nítorí ìgbà náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ lórí sítáǹpù máa ń sọ ọjọ́ gan-an bí yíǹkì kò bá tíì parẹ́.

Sítáǹpù ń sọ ọjọ́ tí wọ́n fi káàdì ránṣẹ́; kò sọ ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò. Káàdì tí oníṣọ́ọ̀bù kó pamọ́ fún ọdún mẹ́wàá náà ló ń tà. Ìgbà yìí ni ẹ óò wá wo inú àwòrán fúnra rẹ̀. Afárá Carter ṣí ní 1901. Bí ọkọ̀ ojú irin kékeré ìgboro bá wà lórí rẹ̀, àárín 1902 sí 1933 ni, torí ìyẹn ni gbogbo ọjọ́ ayé rélùwéè ìgboro Èkó. Kàtídírà Márínà tí a mọ̀ yìí, 1924 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, 1946 ni wọ́n parí rẹ̀. Káàdì Márínà tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ bá ti ga tán kò lè jẹ́ ti ayé Holm. Bí ilé gíga NITEL bá sì yọrí lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, 1979 ti kọjá nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá rí oníṣòwò tó kọ “ọdún 1900” sí ẹ̀gbẹ́ káàdì tí mọ́tò Volkswagen wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tún kù láti yẹ̀ wò: fọ́tò gidi ni àbí èyí tí wọ́n tẹ̀ nílé ìtẹ̀wé? Ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, irú èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù wúrà ń lò, tàbí kí ẹ sún kámẹ́rà fóònù mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ojú ọ̀run inú àwòrán bá fọ́ sí tóótòòtó kéékèèké tó tò létòlétò, ilé ìtẹ̀wé ni. Bí ó bá dán mọ́rán, tí òjìji kàn ń wọ inú òjìji láìsí tóótòòtó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́tò gidi, tó ti ọwọ́ onífọ́tò jáde nínú yàrá òkùnkùn rẹ̀. Èyí wọ́n ju ti ilé ìtẹ̀wé lọ, torí ó lè jẹ́ pé ẹyọ mélòó kan péré ni wọ́n ṣe. Àwọn ayédèrú òde òní sì rọrùn láti mú lọ́nà yìí kan náà: wọ́n á fi tíì kun káàdì kó lè pọ́n, wọ́n á fi ọwọ́ ṣẹ́ etí rẹ̀, ṣùgbọ́n tóótòòtó aláwọ̀ mẹ́rin ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tuntun á máa tú wọn fó.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán. Ibẹ̀ ni irọ́ pọ̀ sí. Ìyálọ́jà tó lórúkọ, tó lọ́mọ, tó ní gbèsè tí wọ́n jẹ ẹ́, òyìnbó á kọ “irú obìnrin ilẹ̀ wọn” sí abẹ́ rẹ̀, ó parí. Ìlú á yí padà, Ẹ̀gbá á di Ìjẹ̀bú, eégún á di “oṣó”. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n ní kí wọ́n bọ́ aṣọ kí káàdì lè tà ní Paris pọ̀ débi pé apá kan ọjà yìí dúró lórí ìtìjú wọn. Èrò tèmi ni pé ká má sun wọ́n níná, ká má sì gbé wọn kọ́ ògiri tàbí sórí Facebook. Ẹ tọ́jú wọn sí àpò ọ̀tọ̀ fún ẹni tó ń ṣèwádìí. Ìtàn kò ní yí padà torí pé a jó ẹ̀rí rẹ̀.

Àpẹẹrẹ káàdì àti fọ́tò tó yẹ ká fara balẹ̀ kà ni fọ́tò tí Green ará Bonny tí mo dárúkọ ṣáájú ya Ọba Ovonramwen ti Ìbíní lọ́dún 1897, nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Ivy, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ọba lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Ọba jókòó sórí àga. Àwọn sójà dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ wọn. Ẹni tó bá kàn wò ó fìrí á rí àgbà ọlọ́lá kan tó wo kámẹ́rà lójú láìmira. Ẹ wá mú ojú yín sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀. Onífọ́tò ọmọ Bonny kò gé e kúrò nínú àwòrán.

Níbo ni èèyàn ti ń rí káàdì? Ilé ni mo ti sọ ṣáájú. Lẹ́yìn ilé, àwọn tó ń ta ìwé tòkunbọ̀, ní Ojúẹlẹ́gbà, ní Yábàá, lábẹ́ afárá gbogbo. Òyìnbó fẹ́ràn láti fi pósíkáàdì sàmì ojú ìwé tó kà dé, wọ́n á ta ìwé, wọ́n á gbàgbé káàdì sínú rẹ̀. Ẹ máa gbọn ìwé wò kí ẹ tó dá a padà sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ máa bẹ oníǹkan kó tó bínú. Báàgì òkìrìkà ní Kàtàngúà náà ní àpò inú. Fún káàdì ilẹ̀ wa ayé ìjọba amúnisìn, òkè òkun ló pọ̀ sí jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí. eBay àti Delcampe ni ọjà tó tóbi jù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Delcampe ló ní ti Dàhòmì àti Tógò jù, nítorí àwọn Faransé àti ará Belgium ló kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní London lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀ kó fi sáàárín aṣọ nígbà tó bá ń bọ̀ wálé lọ́dún Kérésì. Ẹ má san owó káàdì tí ẹni tó ń tà á kò fi ẹ̀yìn rẹ̀ hàn yín.

Bí owó kò bá sí, wíwò lásán náà níyì. Mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà Boston ní Amẹ́ríkà gba àkójọ Leonard Lauder, tó jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ àtíkè nígbà ayé rẹ̀, káàdì tó lé ní 120,000. Ọmọdé ni nígbà tó fi owó ìpápánu rẹ̀ ra káàdì ilé gogoro Empire State, àìsàn kíkó káàdì jọ náà kò sì lọ mọ́. Láti inú àkójọ yìí ni Christraud Geary ti kọ ìwé lórí àwọn onífọ́tò Áfíríkà ní 2018. Iléeṣẹ́ Smithsonian ní Washington náà gbé ọ̀pọ̀ tiwọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ní dátà.

Títọ́jú wọn ni ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú jù, torí a máa ń fi ìfẹ́ pa wọ́n. Ẹ má ṣe fi káàdì àtijọ́ ṣe lamínéètì! Mo mọ̀ pé a ti lamínéètì sátífíkéètì, ìwé ilẹ̀, ìwé ọjọ́ ìbí, tí ọkàn wa fi balẹ̀. Ooru ẹ̀rọ náà ń ba ojú fọ́tò jẹ́, gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá náà ń wọ pépà lọ, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yọ ọ́ mọ́ láìya á. Sẹ́lótéèpù burú, gọ́ọ̀mù burú, báírò burú. Álúbọ́ọ̀mù olójú gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà lọ́jà, tí a máa ń ṣí ọ̀rá rẹ̀ ká tó tẹ fọ́tò mọ́ ọn, òun ló burú jù. Ohun tó dára ni àpò ọ̀rá polypropylene tàbí polyester tí kò ní PVC nínú. PVC a máa rùn, a sì máa lẹ̀ mọ́ káàdì bó bá pẹ́. Pẹ́ńsùlù rírọ̀ ni kí ẹ fi kọ ohun tí ẹ mọ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ní igun kan, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìjẹ̀gùn ní tirẹ̀, ilẹ̀ tí omi ń mù ni lọ́pọ̀ ojúlé. Tí òjò bá rọ̀ tán, ọ̀rinrin á máa gun ògiri. Ẹ má gbé àpótí káàdì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e ti ògiri ìta, ẹ má sì gbé e sórí àjà lábẹ́ páànù tó ń gbóná. Káàdì tó bá gba ọ̀rinrin á bu, aáyán á jẹ etí rẹ̀ torí pé ó dùn lẹ́nu wọn, ikán kò sì nílò kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àpò kóró kéékèèké tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ẹ má dà wọ́n nù. Ẹ kó wọn sínú àpótí náà, wọ́n ń fa omi. Káńfọ̀ lè wà nítòsí, kó má ṣáà fara kan káàdì.

Ó wá ku ìrìn àjò. Ẹ má gbé káàdì gidi jáde. Ẹ yà á sínú fóònù tàbí kí ẹ fọ́tókọ́pì rẹ̀, torí èrò dánfó àti òjò Èkó kò mọ ohun tó níye lórí. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìjẹ̀gùn dé Ìkòtún, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Cele, ẹ tún wọ òmíràn dé Mile 2. Ibẹ̀ ni Blue Line ti ń gbéra, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ìrìn kìlómítà 13 péré ni, ó sì gbé ibi iṣẹ́ ọnà méjì síwájú ẹni láìsí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ.

Ibùdókọ̀ kan wà ní gbọ̀ngàn eré orí ìtàgé tó wà ní Ìgánmú, National Theatre, tí wọ́n fi orúkọ Wole Soyinka pè lọ́dún 2024. Wọ́n kọ́ ọ fún FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì 1977. Gbọ̀ngàn kan ní Varna, ilẹ̀ Bulgaria, ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ máa wo ara ilé náà kí ẹ tó wọlé, iṣẹ́ àwọn ọ̀gá wa bí Erhabor Emokpae wà níbẹ̀.

Márínà ni ọkọ̀ ojú irin parí sí, ibẹ̀ sì ni káàdì àtijọ́ ti wúlò jù. Nínú káàdì, omi ọ̀sà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lá etí títì, igi ṣẹ́ òjìji lé e lórí, àwọn èèyàn ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ gbé fóònù sókè, ẹ fi wé iwájú yín. Ọ̀nà ńlá tí wọ́n là ní àwọn ọdún 1970 ti gba àárín ilé àti omi. Ẹ má kánjú kúrò níbẹ̀. Ẹ máa sún síwá sẹ́yìn títí tí igun Kàtídírà yóò fi bá ti inú àwòrán mu, nígbà náà ni ẹ dúró síbi tí onífọ́tò dúró sí. Ẹ ya tiyín. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tí ẹ dúró sí sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Kámẹ́rà kò gbọ́dọ̀ kọjú sí bárékè tàbí ọgbà ìjọba. Bí àgbà kan bá sì jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹ kí i dáadáa, ẹ fi káàdì hàn án. Ohun tí kò sí lábẹ́ àwòrán ni yóò sọ fún yín: ẹni tó ni ilé, ẹni tó tà á, ẹni tó wó o.

Ìyẹn ló mú mi dé Tìnúubú. Ilé Ìlọ́jọ̀, tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Brazil padà wá, kọ́ ní 1855, wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2016. Ìjọba ti fi í sára àwọn ilé ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ katakata wó o lọ́sàn-án gangan. Fèrèsé rẹ̀ tó tẹ̀ lókè àti gbogbo ẹwà tí àwọn bíríkìlà gbé ti Brazil dé, inú àwòrán nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù sí. Ẹni tó bá ní káàdì Tìnúubú tí ilé yẹn yọjú sí, kó má tà á.

Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè gbé yín gba Broad Street, níbi tí ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti di Freedom Park láti 2010, dé Oníkan. Mùsíọ́mù ibẹ̀, tí Kenneth Murray dá sílẹ̀ ní 1957, ló ni mọ́tò tí wọ́n ti yìnbọn pa Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun, ní 1976, ihò ọta sì wà lára rẹ̀. Ilé John Randle fún àṣà Yorùbá wà lódìkejì. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya fọ́tò nínú yàrá ìpàtẹ, kí ẹ sì béèrè bóyá wọ́n ní káàdì tuntun tí wọ́n ń tà. Ìbéèrè yín ló máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé oníbàárà wà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù láti Alímọ̀ṣọ́, ìjọba ìbílẹ̀ wa, ni Kalakuta ní Ìkẹjà, ilé Fẹlá olórin tó di mùsíọ́mù ní 2012, tí yàrá rẹ̀ àti bàtà rẹ̀ ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀. Gálárì Nike ní Lẹ́kí jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni, iṣẹ́ ọnà tó wà níbẹ̀ sì wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ lè jáde kúrò ní Èkó, Òṣogbo ni kí ẹ lọ. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà sì fi amọ̀ àti sìmẹ́ńtì gbé àwọn ère ńláńlá dìde nínú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Amọ̀ ń yọ́. Òjò ń jẹ ère, wọ́n ń tún un ṣe, òjò tún ń jẹ ẹ́. Fún ìdí yìí, fọ́tò tàbí káàdì Òṣogbo ti ọdún 1960 tàbí 1970 kì í ṣe ohun ẹ̀ṣọ́ lásán. Òun ni ẹni tó ń tún ère ṣe máa wò láti mọ bí imú rẹ̀ ṣe rí tẹ́lẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe àṣejù, kó gba Ìgàndò, ọ̀nà LASU, Ìyànà-Ìbá, kó wo ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ti 1845, ní Àgbádárìgì, kó kọjá Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin. Ààfin Ọba Toffa ti di mùsíọ́mù níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí ńlá wọn sì dà bí ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Brazil. Bí ẹ bá rí DAHOMEY lára káàdì wọn, ó ti pẹ́ ju oṣù Kọkànlá 1975 lọ, ìgbà tí wọ́n yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà padà sí Benin.

Nínú gbogbo káàdì Èkó tí mo ti rí, Márínà wà, Ìdúmọ̀tà wà, Ìdó wà, Ìkòyí wà. Èmi ò tíì rí ti Ìkòtún. Èmi ò tíì rí ti Ìjẹ̀gùn. Oko ni ẹ̀gbẹ́ wa nígbà tí Holm gbé kámẹ́rà káàkiri, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni àwáwí wa lónìí tí Alímọ̀ṣọ́ kún fún èèyàn báyìí? Àwòrán Ìjẹ̀gùn tó lọ jìnnà jù ni ti iná tó jó níhìn-ín lọ́jọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2008, nígbà tí katakata tó ń la ọ̀nà gbá páìpù epo. Kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan. Ẹ̀yin onífọ́tò àdúgbò, pépà wà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya ọjà Ìkòtún láàárọ̀ Sátidé, ẹ ya kẹ̀kẹ́ tó tò ní gáréèjì, ẹ ya àwọn àgbà tó kù tí wọ́n rántí ìgbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ oko. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní pósíkáàdì, ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀, ibi tí wọ́n ti yà á, ọdún rẹ̀ àti orúkọ tiyín sí abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa tà á. Èmi á rà.